Rìsíìtì ni mo bèèrè, wọ́n ní ọgbọ́n ayé ni

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Pásítọ̀ wa kàwé. Òwò ló máa ń kọ́ wa lọ́jọ́ Ìsinmi: bí a ṣe ń tọ́jú owó, bí a ṣe ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, bí a ṣe ń múra lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá kan tí a jọ ń gbélé ní olùkọ́ èké ni, pé ọgbọ́n ayé ló ń tà fún wa. Ìyá yìí kan náà, wòlíì tirẹ̀ ti ní kó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, kó máa mu omi àdúrà, ó sì ti sanwó ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Ta ni ká sá fún nínú àwọn méjèèjì? Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n lọ gbàdúrà sí i o. Mo ti gbà á."

*

Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ná. Kí ìyá yẹn má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé ara ń yá a. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ara èèyàn lè dá ṣáṣá láàárọ̀, kí ó sì rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n á ti fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n fún un, ká tó wá jókòó máa fa ẹsẹ Bíbélì ya.

Ó dáa. Mo mọ ohun tí wọ́n máa kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí, torí mo ti kà á láìmọye ìgbà. Ẹnìkan á ní ká má dájọ́, Ọlọ́run ló mọ àwọn tirẹ̀. Ẹnìkan á ní aláṣọ funfun ló ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ á ní olè ni gbogbo wọn, pásítọ̀ o, wòlíì o. Àgbà ìjọ kan á wá fi "ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹni òróró mi" pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Kò sí èyí tó dá ọ lóhùn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Tèmi rèé. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ilé yín lò yẹn, "ọgbọ́n ayé", ibi ìrù la ti dì í mú. Làákàyè tí Ọlọ́run fi sórí olúkúlùkù, bíi kí èèyàn lọ sí ọsibítù, kí ó bèèrè ibi tí owó gbà lọ, kí ó ka ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i, òun là ń bú ní ọgbọ́n ayé. Ọgbọ́n ayé gidi, ìyẹn ọgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀rù àti ojúkòkòrò yọ owó lápò ẹlòmíràn, tó bá ti lè fi èdè fọ̀ díẹ̀, àá ní ìmísí ni.

Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà nà mí rí, ìdí nìyẹn tó fi ń ta mí lára.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akápò ìjọ kan n'Ìbàdàn. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, owó kíkà ò ṣàjèjì sí mi. Lọ́jọ́ ìkórè kan ní 2013, àwa mẹ́rin jókòó sórí ẹní ní yàrá tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Owó náà tutù fún òógùn, torí wọ́n ti fi jó kó tó dé inú agbọ̀n. A ya igba náírà tó ti gbó sọ́tọ̀, a fi rọ́bà de ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, arábìnrin kan sì ń fi itọ́ kan ìka kí bébà má bàa lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí a parí, N1,846,350 ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, àwa mẹ́rin fọwọ́ sí i.

Báírò mi ò tíì kúrò lórí ìwé tí ọmọkùnrin kan fi wọlé pẹ̀lú bébà kékeré: Dádì, ìyẹn olórí ìjọ wa, ní kí a kó N600,000 wá fún iṣẹ́ pàtàkì. Mo ní kò burú, kí wọ́n kọ iṣẹ́ náà síbẹ̀, tí wọ́n bá sì ná an tán, kí wọ́n fi rìsíìtì ránṣẹ́. Ó lọ, ó padà dé. Kò lè wo ojú mi. Ó ní, "Wọ́n ní kí n sọ fún yín, mà, pé ọgbọ́n ayé ti ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà wọ inú ìjọ."

Owó náà lọ. Mo kọ ọ́ síwèé bó ṣe lọ: "N600,000, iṣẹ́ pàtàkì, kò sí rìsíìtì." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n pè mí síwájú ìjọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní kúlà ńlá kan, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Kúlà yẹn ṣì wà nílé. Ká sòótọ́, kì í jẹ́ kí ìrẹsì tètè tutù.

*

Ẹni tó bèèrè Gbági wo: Gbági tuntun, lọ́nà Ifẹ̀. Rárá, mi ò ní dárúkọ ìjọ náà. Àwọn tí a jọ ka owó ṣì ń lọ síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni màmá ọkọ ọmọ mi.

Ẹni tó kọ̀wé pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ní ìwé kíkà ni ọgbọ́n ayé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Lẹ́sẹ̀ Gàmálíẹ́lì ni Pọ́ọ̀lù ti kàwé. Oníṣègùn ni Lúùkù tí wọ́n jọ ń rìn. Kọ́ríńtì tí ó ń kọ̀wé sí, ìlú ọlọ́jà ni, èbúté méjì ló ní, ọ̀kan lápá ìlà-oòrùn, ọ̀kan lápá ìwọ̀-oòrùn, ẹrù ò sì dá níbẹ̀. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ọ́ tò ni ọ̀gá. Wọ́n á sanwó láti gbọ́ ọ, àwọn ọmọ ẹ̀yìn á sì tò lẹ́yìn rẹ̀. Àṣà yẹn ni àwọn ará ìjọ gbé wọlé. Èyí ní "èmi ti Pọ́ọ̀lù ni," ìyẹn ní "èmi ti Àpólò," òmíràn ní "èmi ti Kéfà," bí ìgbà tí àwọn ọmọ yín ń jà lórí Arsenal àti Chelsea. Ohun tí Pọ́ọ̀lù bá wọn wí lé lórí láti orí kìíní dé orí kẹta lẹ́tà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó mọ ìṣirò.

Jákọ́bù náà sọ ọ́ ní orí kẹta ìwé rẹ̀. Ó ní níbi tí owú àti ìjà bá wà, ọgbọ́n ibẹ̀ kò tòkè wá, ti ayé ni, ti ara ni, ti ẹ̀mí èṣù ni. Mo ti wá ọsibítù títí níbẹ̀, mi ò rí i. Mi ò rí rìsíìtì náà.

Nítorí náà, mi ò ní bá ìyá ilé yín pe pásítọ̀ yẹn ní olùkọ́ èké torí pé ó ń kọ́ yín lówò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò rí ẹni kọ́ wa. Àìsàn mìíràn ni mo rí lára ìwàásù rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí a jọ ń ṣòwò, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé kọ̀ǹténà rẹ̀ ní Àpápá, gbèsè gbé e dè. Irú ìjọ tìrẹ yẹn ló ń lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún un pé ẹni tí kò bá ṣàṣeyọrí, òfin kan ló rú tí kò mọ̀. Ó jókòó gbọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta, ó sì dẹ́kun lílọ. Ó ní ó jọ òun lójú pé àwọn tí nǹkan ń ṣẹnuure fún nìkan ni wọ́n kọ ilé yẹn fún. Ìjọ tí ẹni tó wó lulẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ kan gbọ́ níbẹ̀, ebi ń pa á, kódà bí olórí rẹ̀ kò bá jí kọ́bọ̀.

*

Mo ti ń retí díákónì wa. Ẹ káàbọ̀, sà.

Ẹ ní "ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹni òróró mi." Sáàmù 105 ni, ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ bá wa kà á láti ẹsẹ kejìlá. Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù ni wọ́n ń sọ níbẹ̀: wọn ò pọ̀ níye, àlejò ni wọ́n nílẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń rìn láti ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè kan dé èkejì, Ọlọ́run wá ń bá àwọn ọba wí nítorí wọn. Ẹni tí kò lágbára ni ẹni òróró níbẹ̀, ẹni tó wà lórí ìtẹ́ sì ni wọ́n ní kó kó ọwọ́ rẹ̀ dúró. Tí ẹ bá máa lo ẹsẹ yẹn nínú ìjọ, ìyá tó ń san owó ààwẹ̀ yẹn ló yẹ kí ẹ fi dáàbò bò.

Ẹ tún ní Dáfídì kò pa Sọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́ fún un. Nígbà tí ó gé etí aṣọ rẹ̀ nínú ihò, ó jáde síta, ó ké pè é, ó gbé aṣọ náà sókè fún un rí, ó sì bi í léèrè lójú gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ ìdí tó fi ń lé òun kiri. Nígbà tí ó di ọba, Nátánì wọlé tọ òun náà wá. Pọ́ọ̀lù ta ko Pétérù lójúkojú ní Áńtíókù, iná kò jó ọ̀kankan nínú wọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí ìwé yín, pé ọmọlúàbí kì í bi àgbà léèrè, mo fẹ́ dúró lé e díẹ̀ torí òun ló ń dì wá lọ́wọ́ ju Bíbélì lọ. Lóòótọ́, a kò tọ́ wa láti na ìka sí àgbà. Èmi náà ò sì ní kí ẹnikẹ́ni dìde nínú ìsìn kó máa pariwo. Nígbà tí mo bèèrè rìsíìtì, mo kúnlẹ̀. Mo sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, sà." Mo rán ọmọ náà padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìkúnlẹ̀ mi ò sọ ìbéèrè di nǹkan mìíràn. Bí àgbà bá ní òun ò fẹ́ èyí tí a nàka bèèrè, mo gbà. Tí kò bá fẹ́ èyí tí a kúnlẹ̀ bèèrè náà, ìbéèrè fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́.

*

Àǹtí tó kọ̀wé láti Abẹ́òkúta ní aláṣọ funfun ni ìdí gbogbo rẹ̀, pé tí a bá ti lé wọn, ó parí. Mi ò gbà. Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, n kò wọ sùtánà rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn àwọn aládùúrà bó ṣe rí.

Ní 1918 nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà wọ ilẹ̀ wa, nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ gbàdúrà. J. B. Sadare wà níbẹ̀, Sophia Odunlami tó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n kọ oògùn sílẹ̀, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó. Ẹ rántí pé lọ́dún yẹn, àwọn dókítà gan-an kò ní oògùn kankan tó ń wo àrùn náà. Ẹni tó gbé omi àti àdúrà dání nígbà yẹn, kí ni ẹ fẹ́ kó tún gbé?

Lẹ́yìn náà, ìsọjí Joseph Babalọlá, oníwàásù aládùúrà, bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn òyìnbó ajíhìnrere ìjọ Àpọ́sítólì dé láti Ìlú Ọba, àwọn àti àwọn aládùúrà jọ da ọwọ́ pọ̀. Mo fẹ́ràn ibi tí ó kàn yìí. Àwọn aládùúrà wá rí i pé òyìnbó wọ̀nyí ń gbé kínínì mì nítorí ibà. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ta ló gbé ìgbàgbọ́ wá fún ta? Kínínì yìí wà lára ohun tó tú wọn ká níkẹyìn, tí apá kan fi di Ìjọ Kírísítì Àpọ́sítólì.

Lórí kínínì, ẹ̀yìn òyìnbó ni mo wà. Àìsí rẹ̀ ti pa ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní pe àwọn bàbá wa wọ̀nyẹn ní olùkọ́ èké, ibi tí èmi àti àǹtí wa ti yà nìyí. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ara wọn àti ọmọ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi san án. Ẹni tó ṣìnà wà, ẹni tó ń ṣini lọ́nà wà. Ẹ wo Àpólò: ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀, ó mọ Ìwé Mímọ́, ṣùgbọ́n ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Ákúílà àti Pírísíkílà, tọkọtaya tó ń pa àgọ́, mú un lọ sílé, wọ́n tún ọ̀nà Ọlọ́run là yé e. Ó gbà. Ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó pè é ní èké.

Nítorí náà, ohun tí mo máa fi mọ wòlíì ìyá ilé yín nìyí: nígbà tí ibà bá mú ọmọ tirẹ̀, ibo ló ń gbé e lọ? Ẹ má bi í. Ẹ bi aládùúgbò rẹ̀.

*

Ẹnìkan ní àsọdùn ni mò ń sọ, pé kò sí ìjọ tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ lásán de èèyàn mọ́lẹ̀ láyé tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn yìí.

Oṣù keje 2022, ìlú Oǹdó. Ọlọ́pàá kó èèyàn 77 jáde nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ìjọ kan, ọmọdé wà nínú wọn. Ìpadàbọ̀ Jésù ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n ti dá ìgbà fún wọn ní oṣù kẹrin, ìgbà kọjá, wọ́n sún un sí oṣù kẹsàn-án. Ọlọ́pàá ní ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ni pé òbí wọn "nínú Olúwa" nìkan ni kí wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ tún un kà: ọ̀rọ̀ méjì péré nínú ẹsẹ kan, ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nǹkan tí mò ń wò ju òróró àti ọṣẹ lọ nìyẹn. Olùkọ́ èké á kọ́kọ́ yà ọ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó lè dá ọ lẹ́kun.

*

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, àwọn ọ̀dọ́ ò sì ní jẹ́ ká sùn. Ọ̀kan ní kí ìjọ dẹ́kun gbígba ọrẹ pátápátá. Bàbá kan dáhùn pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Bàbá, mo fara mọ́ yín. Mo ti ra dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀rọ amúnáwá ìjọ rí, mo mọ iye tó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ní ìjánu. Ta ló ń tẹ ti ìjọ yín?

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó owó jọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, kò dá a gbé. Ó wà nínú lẹ́tà kejì sí Kọ́ríńtì, orí kẹjọ: ó rán Títù, ó sì fi arákùnrin mìíràn tẹ̀ lé e, ẹni tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan sọ sí àwọn lórí owó náà. Àpọ́sítélì tí wọ́n ń fi aṣọ ara rẹ̀ wo aláìsàn sàn, ó ní kí wọ́n yan ẹlẹ́rìí ti òun. Dádì tèmi ò lè kọ ìlà kan sí bébà.

Ìwé kékeré kan tún wà láti ìgbà àwọn ìjọ ìbẹ̀rẹ̀, Didache ni wọ́n ń pè é. Ó ti sọnù láti ìgbà pípẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù Gíríìkì kan, Philotheos Bryennios, tó rí i ní Constantinople ní 1873. Ìlànà tó là sílẹ̀ fún wòlíì tó ń rìn kiri pa mí lẹ́rìn-ín, torí ó hàn pé ojú àwọn tó kọ ọ́ ti rí nǹkan. Tó bá sùn ọjọ́ kan tàbí méjì, ó dáa. Tó bá di mẹ́ta, èké ni. Tó bá ń lọ, kó mú oúnjẹ dání. Tó bá bèèrè owó, èké ni. Tó bá wà nínú ẹ̀mí tó ní kí wọ́n tẹ́ tábìlì oúnjẹ, tí òun náà sì jókòó jẹ ẹ́, èké ni. Ṣùgbọ́n tó bá ní kí wọ́n fún àwọn aláìní, kí ẹnikẹ́ni má dá a lẹ́jọ́. Ẹ fi tábìlì yẹn sọ́kàn nígbà mìíràn tí wọ́n bá ní Ẹ̀mí ní kí ènìyàn márùn-ún mú N100,000 jáde.

Kí ẹ má rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ló ń kó sí i. Ìjọ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn èèyàn wa pọ̀ nínú rẹ̀, kó £5 mílíọ̀nù lé Richard Rufus lọ́wọ́, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Charlton rí, pé ó ń ṣe òwò pàṣípààrọ̀ owó. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣègbé. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje àti ààbọ̀ ní 2023. Àjọ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ aláàánú ní Ìlú Ọba ti sọ ṣáájú pé àwọn alámòójútó ìjọ náà kò ṣe ojúṣe wọn lórí owó yẹn. Nílé níbí, ta ló gbàgbé MMM, ètò sọ-owó-di-púpọ̀ yẹn? Èrè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù ni wọ́n ṣèlérí. Mo gbọ́ ọ létí mi tí obìnrin kan ń jẹ́rìí sí i níwájú ìjọ, a sì ń ké "Halelúyà." Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá 2016, wọ́n ti owó àwọn èèyàn mọ́ ibẹ̀, ọdún Kérésìmesì náà sì korò nílé ẹni púpọ̀. Kò sí ẹni tó pe MMM ní ọgbọ́n ayé lọ́jọ́ ìjẹ́rìí. Rìsíìtì mi ni ọgbọ́n ayé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀bi wa náà síbẹ̀. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì pé ìgbà ń bọ̀ tí etí á máa yún àwọn èèyàn, tí wọ́n á máa fúnra wọn kó olùkọ́ jọ. Àwa la ń rà á. Oníbàárà mi kan, tó bá fẹ́ ra àǹkárá, á na án sí oòrùn, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, á fi itọ́ ra igun kan láàárín ìka méjì bóyá àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Ó lè fi wákàtí kan dúnàá-dúrà lórí ẹgbẹ̀rún kan náírà. Obìnrin yìí náà ni wòlíì tí kò mọ̀ rí pè lórí fóònù, tó fi N85,000 ránṣẹ́ kí ìpè tó parí. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ìyá, ó mọ orúkọ ọkọ mi." Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà lórí Facebook rẹ̀.

*

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ẹ jẹ́ kí n gbé ohun tó kọ síbí fún àwọn tí kò tíì rí i:

"Mo lọ bá pásítọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn, mo dọ̀bálẹ̀, mo bèèrè ìṣirò owó. Ó wò mí, ó ní kí n wá ní Ọjọ́rú. Mo lọ. Ó gbé ti ọdún méjì síwájú mi, ayẹ̀wéwò ti fọwọ́ sí i. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 'ìrìnàjò', ó pọ̀ gan-an. Mo tún sọ fún un pé a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn sí ìyẹn, ṣùgbọ́n kò lé mi. Ti ìyá ilé wa ló burú. Ó sọ fún wòlíì rẹ̀ pé mo ní kó lọ sí ọsibítù. Wòlíì ní èmi ni ọ̀tá tó wà nínú ilé, pé kó má gba omi lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n ti fi ọjọ́ méje kún ààwẹ̀ náà. Owó ọ̀tọ̀."

Àbúrò, ìbéèrè kan náà lo gbé síwájú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ṣí ìwé. Ìkejì pè ọ́ ní ọ̀tá. Ìdáhùn rẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ, má tún bi mí mọ́.

Má bá ìyá náà jiyàn mọ́ o, torí gbogbo ohun tí o bá sọ báyìí, ńṣe ló máa fi wòlíì yẹn hàn bí olóòótọ́. Ẹni tí wọn ò tíì pè ní ọ̀tá ni kó sọ ọ́. O sọ lábẹ́ níbẹ̀ yẹn pé ó ní ọmọbìnrin kan ní Ṣàgámù. Pè é lálẹ́ yìí, má dúró dọ̀la. Kó má mẹ́nu ba wòlíì, kó má mẹ́nu ba ìjọ. Kó kàn ní òun wá kí màmá òun, kó bá a sùn ọjọ́ méjì, kó wá káàdì ọsibítù rẹ̀ àti pálí oògùn náà, tí wọn ò bá tíì dà á nù. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti dà á nù, kó ya fọ́tò káàdì náà ránṣẹ́ sí ọ, kí o gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí yín.

Tí o bá sì padà dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ yín, bi í nípa ìlà "ìrìnàjò" yẹn.